Irun Ewúrẹ́ Nínú Bátìrì

Ọkọ̀ Dolgor kú sójú ọ̀nà lọ́jọ́ tó fẹ́ sá kúrò nílé ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà nínú ọkọ̀ náà.

Kò pè é. Ta ló ń pe ìyá ọkọ kó wá bá òun sá lọ? Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti fún àwọn àgùntàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lómi, ó ti kó eérú inú sítóòfù dà nù, ó sì ti sọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ ra epo. Ó wọ ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ọkọ̀ sì jí wẹ́rẹ́ láìpariwo. Ìgbà yẹn ni Tsermaa, ìyá ọkọ rẹ̀, yọ lẹ́nu ọ̀nà àgọ́. Ó ti wọ aṣọ ìjáde rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, ó ti di ìgbànú mọ́ ọn, ó sì gbé àpò irun ewúrẹ́ ńlá kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ.

"Ìyàwó, dúró dè mí! Mo fẹ́ lọ ta irun."

"Màámi, ìjì ń bọ̀. Ẹ ò ṣe jẹ́ kó di ọ̀la?"

"Ìwọ tí ìjì ò dá dúró ńkọ́? Àbí èmi nìkan ló máa gbé lọ? Ṣílẹ̀kùn fún mi."

Dolgor ṣílẹ̀kùn. Kí ni ì bá sọ? Tsermaa ti àpò irun sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ tì í títí ó fi wọlé dáadáa, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ya irun ewúrẹ́ tán. Inú Dolgor dùn pé kò ní òun fẹ́ gbé e sí búùtù. Lábẹ́ pákó búùtù ni ẹrù rẹ̀ wà.

Ọkọ̀ Japan ni ọkọ̀ náà, àlòkù, irú èyí tó ń lo epo tó sì ń lo iná bátìrì pọ̀. Irú rẹ̀ ló kún gbogbo ilẹ̀ Mongolia. Bàbá Dolgor ló rà á fún un nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti dé àgọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún pè é ní ọkọ̀ Dolgor. "Ọkọ̀ wa" ni. Ọkọ̀ wa ló ń gbé ọmọ àgùntàn tí òtútù mú. Ọkọ̀ wa ló ń gbé bàbá lọ wo ìjàkadì. Orí bẹ́ẹ̀dì Tsermaa ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Dolgor bí, Anujin. Nítorí ilé ìwé, ọmọ náà ń gbé ní Ulaanbaatar, olú ìlú, lọ́dọ̀ Pagma, ẹ̀gbọ́n Dolgor lóbìnrin. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, Dolgor sì gbọ́ tí ọmọ náà yíjú sẹ́yìn tó ní, "Màmá, ṣíbí mi dà?" Pagma ló ń bá sọ̀rọ̀. Pagma rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu ló ṣì í. Dolgor kò rẹ́rìn-ín. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀, Yadam, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà, pé kí àwọn kó lọ sí ìlú ńlá. Yadam ní, "Ta ni yóò máa wo àwọn àgbà?" Ìdáhùn kan náà ló máa ń fún un, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Pagma bá a wá iṣẹ́ ìránṣọ ní Ulaanbaatar. Ọjọ́ Ajé ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Owó iṣẹ́ náà kò tó gba yàrá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ọkọ̀ nílùú yẹn lè máa fi gbé èrò nírọ̀lẹ́. Ìránṣọ lójúmọmọ, èrò nírọ̀lẹ́, yàrá kan fún òun àti ọmọ òun: gbogbo ètò rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ìjókòó.

"Kí ló ń ké bí ajá yẹn?" Tsermaa béèrè.

"Fáànù bátìrì ni, Màámi. Ó máa dákẹ́."

Kò dákẹ́. Níwájú Dolgor, àwòrán bátìrì kún dẹ́nu, kò pẹ́ ó ṣófo, ó tún kún. Iná pupa onígun mẹ́ta tàn. Nígbà tí wọ́n fi máa gun òkè, ọkọ̀ ń fà bí ẹran tí wọ́n so lókùn. Dolgor tẹ epo títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ọkọ̀ rọra yí, ó yí, ó dúró. Kò sì jí mọ́.

Tsermaa wò ó. "Ṣé epo tí o fẹ́ lọ rà náà ló tán?"

"Kì í ṣe epo, Màámi."

Ìjì náà sì dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀run, ó pọ́n bí ìpẹtà, kí wọ́n tó mọ̀, òkè tó wà níwájú wọn ti pòórá. Iyanrìn ń lu gíláàsì. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ òkú náà láìsọ̀rọ̀, Tsermaa ń jẹ wàrà gbígbẹ, Dolgor ń gbọ́ bó ṣe ń fi eyín fọ́ ọ. Ọkọ̀ akóèédú kan ló rí wọn, ó so wọ́n mọ́ ìdí, ó wọ́ wọn dé ìlú kékeré tí Gotov wà.

Mọ̀lẹ́bí Yadam ni Gotov. Nínú kọ̀ǹténà méjì tó fi iná jó pọ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ ṣe. Bí wọ́n ṣe ti ọkọ̀ wọlé tán, ó fi ìdí ti ilẹ̀kùn irin, ó fi ọ̀pá dábùú rẹ̀ kí ìjì má baà ṣí i. Ó ní àwọn ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà, kò sí ọkọ̀ tó ń lọ, kò sí èyí tó ń bọ̀.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ìyàwó wa, kí lẹ fi bọ́ ọkọ̀ yìí tó fi dákú?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ pílọ́ọ̀gì ni," Dolgor dáhùn kíákíá. "Ẹ bá mi wo iwájú."

"Pílọ́ọ̀gì."

"Tàbí epo. Epo ibí yìí ò dáa."

"Dókítà, ẹ ṣeun," Gotov wí. "Ẹ jẹ́ kí aláìsàn náà sọ tẹnu ẹ̀."

Ó ki wáyà ẹ̀rọ ayẹ̀wò rẹ̀ bọ abẹ́ sítiárìn. Ó so bátìrì kékeré tirẹ̀ mọ́ ọkọ̀ náà, ó sì rí i pé ọkọ̀ mí díẹ̀. Ó wo ojú ẹ̀rọ náà títí.

"Ẹ wá wò ó. Bátìrì ńlá ni. Kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn ọmọ bátìrì ni wọ́n tò jọ bí búrẹ́dì tí wọ́n gé. Àwọn yìí dúró dáadáa. Àwọn méjì yìí ni wàhálà. Tí mo bá ní kí wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n á ṣubú. Tí mo bá ń fún wọn ní iná, wọ́n á fò kọjá ẹgbẹ́ wọn, ẹ máa rò pé wọ́n ti yó. Irọ́ ni, inú wọn ò gba nǹkan mọ́."

"Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ wà," ni Tsermaa wí.

Gotov rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má bú wa. Mo fẹ́ ṣí búùtù."

"Ẹ dúró ná," Dolgor wí. "Ṣé ẹ ò lè gba iwájú ṣe é?"

"Ṣé kí n gba imú yọ eyín ni? Ẹ̀yìn ni bátìrì wà, ìyàwó."

"Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sinmi ná. Ooru wà lára ẹ̀."

"Ooru tó wà lára ẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

Kò sí ibi tí Dolgor lè gbà. Ọ̀pá ti dábùú ilẹ̀kùn, ìjì sì ń gbá kọ̀ǹténà náà bí ẹni fẹ́ yí i dànù. Gotov ṣí búùtù. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì. Ó gbé pákó. Ó fa àpò kan yọ, ó nà án sí Tsermaa tó dúró nítòsí, ó rò pé ẹrù ọjà ni. Àpò náà kò di dáadáa. Aṣọ Dolgor tú síta, àti sísọ́ọ̀sì ìránṣọ, àti bàtà òtútù ọmọdé. Àwo tíì Dolgor tí wọ́n fi fàdákà lé etí rẹ̀ yí lọ sílẹ̀ títí ó fi kan bàtà Tsermaa.

Tsermaa kò wo aṣọ. Aṣọ ṣeé ṣàwáwí fún. Bàtà ọmọdé náà ṣeé ṣàwáwí fún, ènìyàn lè fi bàtà ránṣẹ́ sọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwo tí èèyàn fi ń mu tíì nínú àgọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé e lọ ra epo. Ẹni tó bá gbé àwo rẹ̀ jáde kò ní padà wá.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi apá aṣọ nu iyanrìn ara rẹ̀.

"Kò fọ́," ó wí.

Gotov ní òun ń lọ wá sípánà. Sípánà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí ìparí kọ̀ǹténà, ó kọjú sí irin, ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà wá nítorí kò síbi tí yóò lọ.

Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó yọ ọwọ́ ike aláwọ̀ ọsàn tó máa ń já iná bátìrì ńlá, ó fi í sápò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a padà, ó sì dúró kí iná tó kù nínú wáyà lọ tán. Nígbà tó tú fáànù, ó súfèé. Irun ewúrẹ́ ti kún inú rẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti le koránkorán bí èyí tí wọ́n fi ń bo àgọ́. Ó fi ìka fà á jáde, ó ń fà á, kò tán bọ̀rọ̀.

"Màmá, irun yín nìyí. Ẹ bá mi gbé e lọ sọ́jà."

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó tí ẹ máa ń gbé àpò sí yẹn, ihò tí bátìrì fi ń mí ló wà níbẹ̀. Fáànù ń fa afẹ́fẹ́, ó ń fa irun mọ́ ọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí bátìrì yìí ti ń mí gúlegúle." Ó wo Dolgor, ó wo ilẹ̀. "Ẹrù tó wà lábẹ́ pákó yìí wá dí ibi tí ooru ń gbà jáde. Bó ṣe sè nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ́n," Tsermaa wí. "Ẹrù ló pa á."

"Irun ló pa á," Dolgor wí.

Láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ, kò dá Tsermaa lóhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ṣùgbọ́n ó tún un sọ. "Irun ló pa á, Màámi. Mo ti sọ fún yín rí pé kẹ́ ẹ má gbé e síbẹ̀. Ẹ ní kí ni mo mọ̀ nípa ọkọ̀."

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ pa á," ni Gotov wí. "Ẹ jẹ́ n ríbi ṣiṣẹ́."

Tsermaa yọ fóònù. Ó pe Yadam. Ó gbé e sétí títí, fóònù ń dún lọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Dolgor ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bí Yadam bá gbé fóònù yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí.

"Kò gbé e," Tsermaa wí.

"Ó lè wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Ìgbà wo ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́?" Ó fi fóònù sí àyà. Ó jókòó sórí táyà. "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣe mí, Màámi."

"Ṣé ebi pa ọ́? Ṣé mo lù ọ́?"

"Rárá."

"Kí ló wá dé?"

"Anujin ń pe Pagma ní Màmá."

"Ọmọ náà mọ̀ ọ́," Tsermaa wí.

"Orí fóònù ló ti mọ̀ mí."

Gotov ti to àwọn ọmọ bátìrì sórí tábìlì. Ó ń so gílóòbù mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí tó dáa, gílóòbù á tàn, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé orí àwọn tó kú, gílóòbù tàn yòò, ó pọ́n, ó kú. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àmì sára wọn.

"Ibo la ti máa rí òmíràn?" Dolgor béèrè.

"Ulaanbaatar. Wọ́n á fi ránṣẹ́ tí ọ̀nà bá ṣí."

"Ṣé ó lè dé ṣáájú ọjọ́ Ajé?"

"Ọjọ́ Ajé wo? Ìjì yìí ò mọ ọjọ́ Ajé."

Gbogbo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ pé òmíràn wà nítòsí ju ìyẹn lọ. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹténà ni ọkọ̀ Sodnom wà, ọkọ̀ irú kan náà. Sodnom ni àkọ́bí Tsermaa. Ọkọ̀ náà gbé e já sódò tó dì nígbà òtútù kan, kò sì jáde láàyè. Tsermaa kò gbà kí wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ó ní kí Gotov jẹ́ kó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n gbà pé ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni nígbà tó kú, ẹni tó bá mú un lásán, ìbínú òkú náà á tẹ̀ lé e. Àwọn kan ti wá bẹ Gotov fún táyà rẹ̀, fún iná iwájú rẹ̀. Ó lé wọn. Tsermaa nìkan ló ń lọ síbẹ̀. Bó bá wá ta irun, á mú aṣọ, á nu gíláàsì rẹ̀.

Gotov kò dárúkọ rẹ̀. Dolgor kò jẹ́ sọ ọ́. Ó sàn kó dúró sínú kọ̀ǹténà yẹn títí láé. Wọ́n ń mu tíì oníyọ̀. Iyanrìn wọ inú tíì, wọ́n ń mu ún bẹ́ẹ̀.

"Gotov," Tsermaa wí. "Ti Sodnom ńkọ́? Ṣé kò bá a mu?"

"Ó bá a mu, Màmá."

"O ò ṣe sọ?"

"Ṣé èmi ni mo máa sọ ọ́?"

"Lọ yọ ọ́."

"Màmá, ẹ mọ̀ pé nǹkan yẹn..."

"Mo ní lọ yọ ọ́! Èmi ni mo bí i. Tó bá máa bínú, kó bínú sí mi."

Ó da tíì sínú àwo onífàdákà náà, ó tì í síwájú Dolgor láìwo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fi gèlè bo imú, ó sì bọ́ sínú ìjì pẹ̀lú Gotov, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kan ọkọ̀ náà. Dolgor di ilẹ̀kùn mú fún wọn. Ó rí i tí ìyá àgbà náà da wàrà ètùtù sórí ọkọ̀, tí ìjì gbé wàrà náà lọ kó tó kan irin. Ó rí i tó fẹnu mọ́ gíláàsì tó ń sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ ohun tó sọ.

Gotov yẹ àwọn ọmọ bátìrì Sodnom wò. Òtútù ti mú wọn, ṣùgbọ́n ooru kò pa wọ́n, wọ́n dáa. Ó mú àwọn tí agbára wọn sún mọ́ ti àwọn tó kù jù. Ó fi wáyà so gbogbo wọn pọ̀ kí èyí tó yó lè bù fún èyí tí ebi ń pa, kí wọ́n lè dọ́gba. Ó ní kò ṣeé kánjú, bí wọn kò bá dọ́gba, àwọn tuntun á tún kú. Wọ́n sùn síbẹ̀, Tsermaa lórí ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n yọ sílẹ̀, Dolgor lórí àpò irun.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìjì ti rọlẹ̀. Gotov fi yanrìn fọ ìpẹtà kúrò lára àwọn irin tó so bátìrì pọ̀, ó tò wọ́n padà, ó fọ fáànù, ó dá ọwọ́ ike náà padà sáyè rẹ̀. Dolgor tẹ bọ́tìnnì. Ọkọ̀ jí. Iná pupa kò tàn. Fáànù ń mí jẹ́jẹ́. Gotov wa ọkọ̀ náà gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, "Ó ti dọ́gba. Ẹ máa lọ."

Dolgor di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó padà sínú ọkọ̀, Tsermaa ti jókòó síwájú, ó ti de bẹ́líìtì.

"Màámi, Ẹ̀gbọ́n Gotov ti bá ọlọ́kọ̀ kan sọ̀rọ̀ tó máa gbé yín délé."

"N ò lọ sílé. Ibi tí ohun Sodnom bá ń lọ ni mò ń lọ."

"Ulaanbaatar ni mò ń lọ."

"Mo gbọ́. Wa ọkọ̀."

Dolgor rò pé ó ń fi òun ṣẹ̀fẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, kì í sì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè. Ìyá àgbà náà fi ọwọ́ méjèèjì di bẹ́líìtì mú.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀," ni Gotov bẹ̀ ẹ́. "Bàbá nìkan ló wà lọ́dọ̀ àwọn àgùntàn."

"Bó bá bà jẹ́ sínú èéfín ìlú yẹn, tí wọ́n gé e kélekèle tà, níbo ni kí n ti máa lọ wò ó?" Tsermaa wí. "Mo rò pé mo lè ṣe é. Lánàá mo rò pé mo lè ṣe é. N ò lè ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n," Dolgor wí, "ẹ yọ ọ́ padà."

"Kí n yọ ọ́, kí ni ẹ máa fi wa ọkọ̀?"

Dolgor di sítiárìn mú. Bó bá gbé ìyá àgbà náà lọ, Yadam á wá wá ìyá rẹ̀, á sì kó gbogbo wọn padà. Bó bá dúró de bátìrì láti Ulaanbaatar, ẹ̀rọ á ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Bó bá padà sílé, ó ti padà nìyẹn. Ó jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ ń mí lábẹ́ rẹ̀, ó dáa, ó dáa ju bó ṣe wà láti ọjọ́ pípẹ́ lọ, kò sì síbi tó lè gbé e lọ.

Ó pa ọkọ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Tsermaa, ó sì pa ìka rẹ̀ dé lé e lórí.

"Ẹ má gbé irun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó mọ́," ó wí. "Búùtù ni kẹ́ ẹ máa gbé e sí, kẹ́ ẹ bò ó."

"Ìyàwó," Tsermaa pè é. Dolgor gbé ẹrù rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ọkọ̀ akóèédú ló gbé Dolgor lọ sí Ulaanbaatar. Ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ó sì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n láìsí ọkọ̀ kò sí èrò ìrọ̀lẹ́, láìsí èrò ìrọ̀lẹ́ kò sí yàrá. Yàrá Pagma kò gba ju Pagma, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ lọ. Ẹ̀yìn ilé ìránṣọ ni Dolgor ń sùn, láàárín ìdì aṣọ, ọ̀gá rẹ̀ sì fi kún iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ó ń sùn síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló ń ráyè wọ bọ́ọ̀sì lọ wo Anujin. Ohun tó ná an nìyẹn: ọkọ̀ kan, àti gbogbo ọjọ́ tó wà láàárín Ọjọ́ Àìkú kan sí òmíràn.